Ìka Méjì Lára Ògiri

Apá ni ìfẹ́ bá wọ ayé Tóyọ̀sí, kì í ṣe ojú. Bí ẹnìkan bá ti sọ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀, ì bá fi olúwarẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí apá rẹ̀ kò ju igi ìṣáná lọ, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Agbára ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti gbé e sókè síbi iná, kí ó wò ó bóyá ó lu tàbí ó wọ́, kí wọ́n tó kó o jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ já òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Joy sílẹ̀ ní Ìyànà Ìyẹsí. Tóyọ̀sí fi ọwọ́ kan mú ìbàdí, ó ń na ẹ̀yìn tí ó ti ń ro ó láti àárọ̀. Nígbà tí yóò fi gbójú sókè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó rí tí ó jókòó lórí agolo ọ̀dà lẹ́bàá ògiri gígùn tí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ. Pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọn láìtijú rárá.

Joy fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "See dis one. E no even dey blink."

"Ẹ̀gbọ́n," Tóyọ̀sí pè é, "ṣé ibì kan la ti mọ ara wa ni?"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fọwọ́ mú ìbàdí bí ẹ ṣe ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ó kù díẹ̀ kí n parí."

Dípò kí ó dúró, ó lọ yọjú wo ìwé tí ó wà lórí itan ọmọkùnrin náà. Ara rẹ̀ ni ó rí níbẹ̀ lóòótọ́: aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, fìlà rẹ̀, ẹnu rẹ̀ tí kò ṣeé fi pamọ́. Ṣùgbọ́n àyà obìnrin inú ìwé náà yọ síwájú, ó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí ó ń wo nǹkan kan ní òdìkejì afárá Sango, apá rẹ̀ méjèèjì sì ki bí ọmọ odó.

"Apá ta nìyí?"

"Tiyín ni."

"Irọ́ ni. Ẹ ti lọ gba apá agbẹ́rù kan ní gáréèjì, ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lára."

Ọmọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí pẹ́ńsù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni ó kó bá Tóyọ̀sí. Ó dé ilé lọ́jọ́ náà tán, ó da iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá rẹ̀ sì wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Dúrótoyè ni orúkọ ọmọkùnrin náà, ará Ìwó ni. Iṣẹ́ pátákó ìpolówó ni ó fi ń jẹun. Iṣẹ́ ọ̀hún sì pọ̀ nígbà náà, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì ń yọ ní Ọ̀tà bí olú lẹ́yìn òjò, yunifásítì sì ń fa èèyàn wá láti ibi gbogbo. Ó ti ya ojú pásítọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè ya táì wọn bí ó bá dijú. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ Adérẹ̀mí tí ó ni ṣọ́ọ̀ṣì tuntun yìí kò fẹ́ ojú ara rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú ìjọ rẹ̀, àwọn òbí Tóyọ̀sí pàápàá wà níbẹ̀. Ó ní kí Dúrótoyè ya àwọn ọmọ ìjọ sára ògiri ojú títì nínú iṣẹ́ tí oníkálukú ń ṣe, kí Olúwa lè rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kí ó bù kún un. Wọn yóò ṣí i ní ọjọ́ ìsinmi ìdúpẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, nínú oṣù Karùn-ún.

"Níbo lo ti kọ́ irú apá yìí?" Tóyọ̀sí bi í nígbà tí wọ́n ti ń bá ara wọn rìn. Kò mọ ìgbà tí "ẹ" di "o" láàárín wọn.

"Lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Wá, màá mú ẹ lọ."

Ní Àtàn-Ọ̀tà ni ọ̀gá náà ń gbé, Bàbá Ọláṣùpọ̀ ni. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Mọ́sìkò láti kọ́ àwòrán yíyà, nígbà tí àwọn Kọ́múníìsì ṣì ń ṣèjọba lọ́hùn-ún. Láti ìgbà tí ó ti dé ni ó ti ń pe gbogbo èèyàn ní kọ́múréèdì, títí kan ajá rẹ̀. Ó gbé ìwé àwòrán ńlá kan tí ikán ti jẹ etí rẹ̀ jáde, ó ṣí i sórí itan Tóyọ̀sí. Obìnrin wà níbẹ̀ tí ó ń wa katakata nínú oko àlìkámà. Àwọn ọkùnrin wà níwájú iná ìléru, àyà wọn fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn ń wo òkèèrè, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá, ṣé kì í rẹ àwọn wọ̀nyí ni?"

"Ó ń rẹ̀ wọ́n, ọmọ mi. Ó ń rẹ̀ wọ́n ju bí ó ṣe ń rẹ ìwọ lọ. Mo bá wọn tò fún búrẹ́dì nínú òtútù, mo rí ojú wọn. Ṣùgbọ́n ìjọba kò fẹ́ kí ó rẹ̀ wọ́n nínú àwòrán. Wọ́n ní kí a má ya òṣìṣẹ́ bí ó ṣe rí lónìí, kí a yà á bí yóò ṣe rí lọ́la." Ó ṣí ojú ìwé mìíràn. "Ẹnìkan nínú kíláàsì wa ya obìnrin òṣìṣẹ́ kan tí ó sùn lọ níbùdókọ̀, tí ó ti bọ́ bàtà. Àwòrán náà dára débi pé àwọn olùkọ́ kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn yí ojú rẹ̀ sí ògiri ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Èmi? Apá ńlá ni mo yà. Mo fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí mi kí n padà sílé." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá náà kò pa ìwé dé. "Síbẹ̀, màá sọ òtítọ́ fún ẹ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán wọ̀nyí, omi bọ́ lójú mi. Nílé wa níbí, ọba ni wọ́n ń yà, àti ọ̀gágun. Ta ló ya ẹni tó ń yọ́ irin rí?"

Lọ́nà ilé, Tóyọ̀sí ń rìn lẹ́yìn Dúrótoyè. Ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Obìnrin tí Dúrótoyè ń yà lójoojúmọ́ yìí tóbi, ó lẹ́wà, kì í rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ obìnrin yẹn ni ó ń fẹ́ ńkọ́? Ó bi í láìfi bò.

Dúrótoyè yíjú sí i. "Obìnrin ara ògiri kò bú mi rí," ó ní. "Ìwọ bú mi kí o tó mọ orúkọ mi. Ìwọ ni mo fẹ́."

Inú Tóyọ̀sí dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi tún bú u.

Ó wá ku bàbá Tóyọ̀sí. Bàbá Afọlábí kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré lọ́dọ̀ rẹ̀. Láti Ìkirè ni ó ti wá sí Sango nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ọ́, ó sì pẹ́ gan-an ní ilé-iṣẹ́ irin kan tí ó ti kógbá wọlé báyìí, níbi tí ó ti ń fi ẹ̀mú gígùn fa irin gbígbóná jáde. Lọ́jọ́ kan, irin fò, ó sì gbé ìka méjì tí ó kẹ́yìn lọ ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Ní báyìí, ẹnu ọ̀nà ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó ń ṣọ́, ìyàwó rẹ̀ Ẹfúnkẹ́ sì ń rán aṣọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ó wà lọ́kàn Tóyọ̀sí jù nípa ọwọ́ yẹn ni pé bàbá òun máa ń kì í bọ àpò. Lọ́jọ́ àbẹ̀wò òbí nílé-ìwé, yóò dúró lẹ́yìn pátápátá, ọwọ́ òsì rẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò. Nígbà tí wọ́n pe Tóyọ̀sí kí ó wá gba ẹ̀bùn, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni bàbá fi ń lu itan, nítorí kò fẹ́ yọ ti òsì jáde láti pàtẹ́wọ́.

Dúrótoyè ti sọ fún bàbá náà pé bí wọ́n bá ti ṣí ògiri tán, alárenà òun yóò wá. Bàbá ní kí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ parí ná, òun yóò wo irú ẹni tí ó jẹ́. Dúrótoyè bá pinnu pé bàbá gan-an ni òun yóò yà sí àárín gbùngbùn, kí ó ga ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ó kù díẹ̀ kí ó parí rẹ̀ ni ó pe Tóyọ̀sí.

"Ọwọ́ òsì ló wà níwájú lórí ẹ̀mú. Ṣé kí n yà á bí ó ṣe rí?"

Tóyọ̀sí wo ọkùnrin gíga tí ó wà lára ògiri náà. Ó rántí àpò ṣòkòtò yẹn. "Rárá," ó ní. "Dá ìka rẹ̀ padà fún un. Ya òun náà bí yóò ṣe rí lọ́la."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Bàbá mi ni. Mo mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ tí wọ́n fa aṣọ kúrò lójú ògiri, ariwo ìyìn sọ. Oníkálukú ń wá ara rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ kan apá ńlá tí wọn kò ní, àwọn awakọ̀ ń rọra lọ kí wọ́n lè wò ó. Tóyọ̀sí ń wo bàbá rẹ̀. Bàbá Afọlábí dúró níwájú ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ka ìka tí ó wà lórí ẹ̀mú náà, ètè rẹ̀ ń mì bí ó ti ń kà á. Lẹ́yìn náà ó dé fìlà, ó sì gba ilé lọ láìdúró jẹun.

Tóyọ̀sí bá a nínú pálọ̀.

"Ta ni ọkùnrin tó wà lára ògiri yẹn?" ni bàbá bi í.

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin yẹn kò pàdánù nǹkan kan rí. Nígbà tí irin gbé ìka mi lọ, àwọn ọ̀gá ní àìfarabalẹ̀ mi ni. Wọ́n ní kí n lọ sinmi nílé, wọ́n sì gba ẹlòmíràn sípò mi. Ọwọ́ yìí nìkan ni ẹ̀rí tí mo ní pé mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn wá fi ọ̀dà pa á rẹ́ lójú gbogbo ayé." Ó gbé ọwọ́ náà sórí tábìlì. "Ẹni tí ojú ọwọ́ mi ń tì, bí ó bá fẹ́ ẹ tán, tí ara ẹ náà wá yí padà lọ́la ńkọ́? Ṣé ọ̀dà ni yóò máa fi kùn ẹ́? Kó má dé ilé mi mọ́. Mi ò ní fún un lọ́mọ."

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó yẹ kí Tóyọ̀sí sọ. Èmi ni. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn, ṣùgbọ́n ẹnu tí kò ṣeé fi pamọ́ kọ̀, kò sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi omijé sọ gbogbo rẹ̀ fún Dúrótoyè. "Màá lọ sọ fún wọn pé èmi ni mo ní kí o ṣe é."

"Má sọ ọ́. Àlejò ni mo jẹ́ lójú bàbá. Bí inú wọn bá bí sí mi, ó lè rọ̀ lọ́la. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ tí wọ́n bí ni, ọgbẹ́ nìyẹn. Èmi ni mo mú búrọ́ọ̀ṣì, ẹ̀bi mi ni."

Tóyọ̀sí gbà, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e korò. Bí bọ́ọ̀sì bá ti ń kọjá lẹ́bàá ògiri náà, yóò tẹrí ba. "Your body dey for wall, your eye dey for ground," ni Joy máa ń wí. Ó ń rò ó pé ọkùnrin tí ó lè ru ẹ̀bi èèyàn láìráhùn, irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀, òun sì ti fẹ́ fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pàdánù rẹ̀. Ó ń rò ó bákan náà pé bí òun bá sọ̀rọ̀, bàbá òun lè má wo ojú òun mọ́. Ìyá rẹ̀ rí i pé ọmọ òun kò jẹun mọ́, kò bi í ní ìbéèrè. Ó kàn ránṣẹ́ sí ọ̀gá Dúrótoyè ní Àtàn.

Bàbá Ọláṣùpọ̀ dé ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, nínú oòrùn tí ó ń mú òrùlé páànù dún, pẹ̀lú fìlà onírun Rọ́ṣíà lórí. Òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀. Dúrótoyè tẹ̀ lé e, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì dìde.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá," ni Bàbá Afọlábí wí. "Fìlà yìí ńkọ́?"

"Ọjọ́ pàtàkì ni mo máa ń dé e, kọ́múréèdì. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ ọ kí n má baà kú kí n tó jíṣẹ́." Ó bọ́ ọ, ó sì jókòó. "Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni mo bá wá."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọkùnrin yìí láti máa fi ọ̀dà purọ́?"

"Èmi ni. Wọ́n fi kọ́ mi, mo sì fi kọ́ ọ. Lọ́hùn-ún, wọ́n ń ya òṣìṣẹ́ kí ìjọba lè rẹwà. Ọmọ yìí ṣe tirẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé irú ọwọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì yà."

"Ìfẹ́ wo? Ojú ọwọ́ mi ń tì í ni."

Tóyọ̀sí ń gbé omi bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Ó gbọ́ gbólóhùn yẹn, ó wo ẹ̀yìn Dúrótoyè tí ó nà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìfọhùn. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó gbé àwo omi sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, èmi ni. Ó fẹ́ yà á bí ó ṣe rí, èmi ni mo ní kí ó dá ìka yín padà. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo ní mo mọ̀ yín."

Ohùn Bàbá Afọlábí lọ sílẹ̀. "Ojú ọwọ́ mi ń tì ọ́, Tóyọ̀sí?"

"Kò tì mí rí, sà. Ẹ̀yin ni mo rò pé ojú ń tì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá wá sí ilé-ìwé wa, inú àpò lẹ máa ń kì í sí. Àní lọ́jọ́ tí mo gba ẹ̀bùn, itan lẹ ń lù."

"Mo fi pamọ́ kí àwọn ẹgbẹ́ ẹ má baà fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nílé níbí, ṣé mo fi pamọ́ rí? Ọwọ́ yìí kọ́ ni mo fi ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìyá ẹ bá lọ ọjà?"

"Òun ni, sà," ni Tóyọ̀sí wí, ẹkún sì gba ìyókù ọ̀rọ̀ náà.

Ẹfúnkẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá láti ìgbà yẹn, tépù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ ò rí nǹkan. Bàbá ń fi pamọ́ nítorí ọmọ, ọmọ ń kùn ún ní ọ̀dà nítorí bàbá. Èmi tí mo fẹ́ ẹni tó ni ọwọ́ ọ̀hún, ẹnì kankan kò bi mí."

Bàbá Afọlábí fa ọmọ rẹ̀ dìde. Ó wá yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ìwọ. O mọ̀ pé òun ni, o sì dákẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé?"

"Ọmọ yín ni, sà. Mo ní kí ẹ kúkú bínú sí èmi."

Bàbá náà wò ó títí. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. "Irọ́ lo tún pa yẹn o. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn kò bí mi nínú. Dìde, ilẹ̀ tutù. Ọjọ́ Sátidé, kó ọ̀dà ẹ wá síbi ògiri. Èmi fúnra mi máa jókòó fún ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, Bàbá Afọlábí jókòó sórí agolo ọ̀dà ní Ìyànà Ìyẹsí, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Àwọn ọlọ́kadà pagbo yí i ká, wọ́n ń sọ fún ayàwòrán ibi tí àpá wà, bí ẹni pé òun kò rí i. Pásítọ̀ Adérẹ̀mí jáde wá, ó fọwọ́ ra orí.

"Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn àlejò á máa bi wá ní ìbéèrè."

"Kí wọ́n máa bi wá, Pásítọ̀. Mo ní ìdáhùn."

Nígbà tí Dúrótoyè parí, ìka mẹ́ta ni ó di ẹ̀mú mú, ó sì dì í mú gbọn-in. Ọkùnrin náà ṣì ga ju gbogbo èèyàn lọ, ṣùgbọ́n ní báyìí èèyàn mọ ohun tí gíga náà gbà á. Bàbá wò ó, ó mi orí. Tóyọ̀sí ní tí àtúnṣe bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kúkú bá òun dín apá tòun náà kù.

"Ẹ fi apá tirẹ̀ sílẹ̀," ni bàbá wí. "Ó ń lọ sílé ọkọ. Ó máa wúlò fún un."

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé. Àwọn ará Ìwó dé, wọ́n tò sílẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, Bàbá Ọláṣùpọ̀ sì wà láàárín wọn pẹ̀lú fìlà rẹ̀. Wọ́n tọrọ ọmọ, wọ́n fún wọn. Àdúrà ti parí, oúnjẹ ti ń bọ̀, ni Bàbá Afọlábí bá ní kí wọ́n dúró ná, ó ku ohun kan tí òun fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọkọ ìyàwó. Tóyọ̀sí gbójú wò ó.

"Èyí tó wà lójú títì, òtítọ́ ni, kó máa wà bẹ́ẹ̀," ni bàbá wí. Ó ń wo ilẹ̀ bí ọmọdé tí ó fẹ́ tọrọ nǹkan. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ òmíràn, kékeré báyìí, tí mo máa gbé kọ́ sínú yàrá. Ya ọwọ́ tí mo fi gbé ìyá Tóyọ̀sí níyàwó. Ìka márààrún. Àlejò kò ní rí i."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ẹfúnkẹ́ dìde, ó wọ yàrá lọ. Nígbà tí ó padà, ó ń tú kókó kan létí gèlè àtijọ́ kan. Òrùka ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí ọkọ rẹ̀ máa ń bọ́ fún un láràárọ̀ kí ó tó lọ síbi irin, tí ó sì ti wà lọ́dọ̀ Ẹfúnkẹ́ láti àárọ̀ ọjọ́ tí irin gbé ìka náà lọ. Ó gbé e lé Dúrótoyè lọ́wọ́.

"Wò ó dáadáa kí o tó bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Kò ní òkúta lórí. Má lọ fi òkúta sí i fún mi."

Dúrótoyè fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Rárá, ìyá mi," ó ní. "Bí ó ṣe rí gan-an ni màá ṣe yà á."